Ìrẹsì Kérésì Dé Ìfọ́n

Ọjọ́ Kérésìmesì, ìrọ̀lẹ́

Mo lọ! Mo lọ sí Ìfọ́n, mo sì bọ̀ tayọ̀tayọ̀.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, èmi ni ìyá mi máa ń gbé ìrẹsì Kérésì rù láti Ìlobù lọ sílé Sàrátù ọ̀rẹ́ mi ní Ìfọ́n. Tí Iléyá bá dé, wọ́n á gbé ẹran wá fún wa. Ìjà ilẹ̀ tó wà láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n yìí ló ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Láàárọ̀, ọkọ mi ní, "Ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé ẹ padà ni?" Ẹ̀rù bà mí lóòótọ́. Síbẹ̀, mo gbé abọ́ ìrẹsì, mo gun ọ̀kadà lọ.

Ìyá Sàrátù ló jókòó síta. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n wò mí títí.

"Ṣé kì í ṣe ọmọ Tíṣà ará Ìlobù nìyí?"

Mi ò tíì dáhùn tí wọ́n fi ṣí abọ́, tí wọ́n bu ìrẹsì sẹ́nu.

"Sàrátù! Jáde wá o, ìrẹsì Kérésì ti dé!"

Sàrátù dì mọ́ mi, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí mo fẹ́ máa bọ̀, Ìyá Sàrátù ní, "Sọ fún ọkọ ẹ, èmi fúnra mi ni màá gbé ẹran Iléyá wá."

Mo jíṣẹ́ náà fún un. Ó ní tí Iléyá bá dé, òun á lọ pàdé wọn ní títì.