Fídíò Màámi Tí Kò Kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ajé, 3 oṣù Bélú, 2025
Àbúrò mi Àánú pè láti Ọ̀yọ́. Ó ní Alága ti ń gbàgbé nǹkan. (Alága ni mo sọ Bàbá wa, torí òun ló gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀ kẹ́yìn.) Alága bi òun léèrè lánàá pé ta ni obìnrin inú fọ́tò ara ògiri pálọ̀. Màámi ni. Àánú ní kí n fi fídíò ọjọ́ tí Màámi fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà ránṣẹ́ — bóyá bó bá gbóhùn rẹ̀, á rántí. Wákàtí mẹ́ta ni fídíò yẹn, ọ̀dọ̀ mi nìkan ló wà. WhatsApp ò lè gbé e.

Ìṣẹ́gun, 4
Mo tan Abẹ́lẹ̀. Abẹ́lẹ̀ ni mò ń pe ètò tó ń pín fáìlì láti kọ̀ǹpútà kan sí èkejì. Kò ní ojú, kò ní bọ́tìnì, abẹ́lẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Mo tọ́ Àánú sọ́nà lórí fóònù títí òun náà fi gbé e sórí láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Kọ̀ǹpútà méjèèjì rí ara wọn. Nǹkan kan ò wọlé.

Ọjọ́rú, 5
Òdo nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọjọ́bọ̀, 6
Mo ṣí pọ́ọ̀tù, ẹnu ọ̀nà tí fáìlì ń gbà jáde nínú kọ̀ǹpútà. Mo yí nọ́ńbà rẹ̀ padà. Mo pa Abẹ́lẹ̀, mo tún un tan. Òdo. Mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ̀dọ̀ wọn ni kò dáa. Àánú lọ ra síìmù mìíràn. Ó wá rọra bi mí: "Bọ̀dá mi, ṣé ẹ ò kúkú lè kó o sínú fláàṣì kẹ́ ẹ gbé e wá?" Mo ní iṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó mọ̀.

Àbámẹ́ta, 8
Iṣẹ́ wo ló pọ̀? Èèyàn méjì ló gbé kọ̀ǹpútà wá fún àtúnṣe láti àárọ̀. Láti ìdí tábìlì mi ní Sábó ni mo ti ń gbọ́ àwọn agbèrò gáréèjì tí wọ́n ń pe èrò Ọ̀yọ́.

Ọdún méjì rèé tí mi ò délé. Lọ́jọ́ ìsìnkú Màámi, létí sàréè rẹ̀, lójú gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì, Alága wò mí, ó ní: "Ìwọ, ìgbà tí gbogbo nǹkan bá ti parí lo máa ń dé." Ọkọ̀ wa ló bàjẹ́ lọ́nà lọ́jọ́ náà. Kò tiẹ̀ bi mí. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

Ajé, 10
Àánú ní Alága wọ agbádá láti àárọ̀, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ó ní ọmọ òun ọkùnrin ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́, kí wọ́n bu oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀.
Mo kó aṣọ sínú báàgì. Mo tún kó o jáde.

Ọjọ́rú, 12
Mo rí i. Iye dátà tí Abẹ́lẹ̀ lè fi ránṣẹ́ síta — òdo ló wà níbẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́ síbẹ̀ ní oṣù Ògún, nígbà tí mò ń gba fíìmù láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹ nínú dátà mi. Kó máa gbà, kó má fúnni. Kò sí ohun tó ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì Ọ̀yọ́. Ojú tì mí, mi ò lè sọ fún Àánú.
Mo pa òdo náà rẹ́. Láàárín wákàtí mẹ́rin, gbogbo ẹ̀ ti dé.

Ọjọ́bọ̀, 13
Àánú ní Alága wo fídíò náà tán, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní obìnrin yẹn mọ̀rọ̀ sọ, ta ni?

Ẹtì, 14. Ọ̀yọ́
Mo wọ mọ́tò àkọ́kọ́. Alága wà lẹ́nu ọ̀nà nínú agbádá. Mo dọ̀bálẹ̀. Bàbá mi sáré dìde, ó ní: "Ẹ dìde, sà. Ẹ káàbọ̀. Ẹ bá mi jókòó, ọmọ mi ni mò ń dúró dè, kò ní í pẹ́ dé."
Mo jókòó tì í. A jọ ń wọ̀nà fún un.