Windows Ayédèrú Lórí Kọ̀ǹpútà Mi

Ọjọ́bọ, oṣù Kẹfà 2009

Inú ń bí mi! Kí n tó ra tónà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé láti Ìyànà Ìpájà, Bọ̀dá Lékan, ọkọ ẹ̀gbọ́n mi, ti pa Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà, rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé mi, wọ́n ti fi Windows ayédèrú sí i.

“Ọ̀fẹ́ ni Linux yẹn jàre. Windows ni gbogbo ayé ń lò,” ni wọ́n wí.

Kí wọ́n ra ojúlówó nígbà náà! Ọ̀fẹ́ tèmi ò kó fáírọ́ọ̀sì rí.

Iṣẹ́ ìwádìí tí mo tẹ̀ fún Ṣadé, akẹ́kọ̀ọ́ tó gbọ́dọ̀ fi í lé olùkọ́ lọ́wọ́ lọ́la, ti bá Linux lọ. Ọmọ náà bú sẹ́kún.

Mo gbé èyí tó fọwọ́ kọ síwájú Bọ̀dá. “Ẹ jókòó, ẹ tún un tẹ̀.”

Ìka kan ni wọ́n fi ń wá lẹ́tà kiri. Nítorí Ṣadé, mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo tẹ̀ ẹ́ parí fúnra mi. Èmi ni mo wá jìyà ohun tí wọ́n ṣe; ìyẹn gan-an ló ń dùn mí jù.