Ìwé Àyẹ̀wò Ibà Tí Mo Yá Káfíńtà

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé o sì ń jẹun kí o tó jáde? Àrùn tó ń ti ilé dé ilé yìí kò ní mọ ojúlé rẹ. Má bẹ̀rù bí o bá rí i pé ọwọ́ ìkọ̀wé yìí dára ju tèmi lọ, nọ́ọ̀sì ló ń bá mi kọ ọ́. Ó jókòó síta, èmi wà nínú, fèrèsé ló wà láàárín wa, ohun tí mo bá sì sọ ló ń kọ. Mo ní kó kọ ọ́ pé olóríkunkun ni òun, ó ní òun ò kọ ọ́, mo sì ń wò ó níbi tó ti ń kọ ọ́.

Fara balẹ̀, jẹ́ kí n ti ìbẹ̀rẹ̀ wá. Ní bí ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ara mi gbóná, orí ń fọ́ mi, ẹ̀rọ ìránṣọ ń yí lójú mi láìjẹ́ pé mo fẹsẹ̀ kàn án. Àwọn oníbàárà mi ń dúró lójú títì, wọ́n ń ju aṣọ sí mi láti ọ̀ọ́kán. Mo bá lọ sí ilé ìtọ́jú. Nọ́ọ̀sì yìí jáde sí mi, ó wọ aṣọ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ kó oyin. Ó na nǹkan kan sí mi níwájú orí, ó ní mọ́kàndínlógójì. Mo ní ọmọ mi, o ṣeun, ṣùgbọ́n mo ti lé ní ọgọ́ta. Ó ní kì í ṣe ọjọ́ orí, bí ara mi ṣe gbóná tó ni. Ó gún mi níka, ó kán ẹ̀jẹ̀ bíńtín sórí ike pẹlẹbẹ kan, ó kán omi tẹ̀ lé e, ó ní ká dúró. Ìlà kan yọ, ìkejì tún yọ. Ó ní ibà tí ẹ̀fọn ń fà ni. Ọmọ mi, mo jó. Mi ò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀fọn.

Ó tún gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò láti fi wá àrùn tó ń ti ilé dé ilé yìí. Ó ní ibà lè wà lára kí àrùn náà sì wà níbẹ̀, ọ̀kan kì í lé èkejì jáde. Mi ò gbọ́ apá ìyẹn dáadáa, ijó ló wà lára mi. Ìwé ni mo ní kó fún mi. Ó kọ ibà síbẹ̀, ó lu òǹtẹ̀ lé e, nọ́ńbà ló sì fi síbi orúkọ kí ẹnikẹ́ni má bàa mọ̀ pé èmi ni. Mo lọ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi.

Ọjọ́ kejì ni káfíńtà wá, èyí tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti tèmi. Ó jókòó tì mí, òógùn bò ó. Ó ní òun ti kan ilẹ̀kùn mẹ́fà fún ilé tuntun kan, wọn ò sì jẹ́ kí òun wọlé lọ gbé wọn kọ́ torí ara òun gbóná. Mo ní ṣé ó ti lọ ṣe àyẹ̀wò? Ó ní èrò ti pọ̀ jù níbẹ̀. Mo wá rò ó pé ògiri kan ló là wá, ẹ̀fọn tó jẹ mí ló ń fò kọjá lọ jẹ ẹ́, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ yẹ̀ wò? Mo ṣí ìwé kúrò lára ilẹ̀kùn, mo yá a, bí èèyàn ṣe ń yá aládùúgbò ní agbòjò. Ẹni tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé tuntun náà rí òǹtẹ̀, ó yà fún un.

Ní ọjọ́ kẹta ó ṣubú sẹ́nu iṣẹ́. Kì í ṣe ibà, àrùn náà ni. Wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n dáná sun bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ nílé, àwọn mẹ́rin tó bá a gbé ilẹ̀kùn sì wà ní yàrá tó tẹ̀ lé tèmi. Èsì tèmi dé, wọn ò rí àrùn náà, ṣùgbọ́n torí pé káfíńtà jókòó tì mí, ọjọ́ mọ́kànlélógún ni n ó lò níbi tí wọ́n yà wá sọ́tọ̀ sí yìí. Ó ku mẹ́sàn-án. Nọ́ọ̀sì ní kí n má dá ara mi lẹ́bi. Mo ní kó kọ ọ́ bí mo ṣe sọ ọ́: àìmọ̀kan ni, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn fún un. Bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́rin náà bá húkọ́, ńṣe ni mo máa ń dìde jókòó.

Àná ni káfíńtà ránṣẹ́. Wọ́n ní ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa, ṣùgbọ́n ó ní kí ìyá aránṣọ má bínú, ìwé wọn wà nínú àpò ṣòkòtò òun, òun á dá a padà tí òun bá dé. Wọ́n ti sun ṣòkòtò náà, ọmọ mi. Mo sunkún. Mo ní kí wọ́n sọ fún un pé mò ń retí ìwé mi, kó má rán ẹnikẹ́ni, kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ mú un wá.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, kí ìyàwó rẹ̀ lè rí bẹ́ẹ̀dì mìíràn rà. Má fi sínú fóònù mi, fóònù wà nílé, mo sì ti ilẹ̀kùn, ta ni yóò gbà á? Fi lé awakọ̀ lọ́wọ́. Bí ara rẹ bá gbóná, ẹ̀jẹ̀ tìrẹ ni kí wọ́n yẹ̀ wò, má yá ìwé ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń kọ̀wé bẹ̀ ọ́ pé kí o wá sílé. Lọ́tẹ̀ yìí, mo bẹ̀ ọ́, má wá. Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kanra wa láyọ̀, èmi, ìwọ, àti káfíńtà.

Èmi ni,
Ìyá rẹ