Ẹ̀bẹ̀ Lórí Bàbá Rufus, Olùṣọ́ Géètì Wa, àti Òfin Fídíò Inú Ọgbà

Ilé Ìgbé Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Kejì,
Kọ́lẹ́ẹ̀jì Olùkọ́ni Ìrètí-Ayọ̀,
Ojú Ọ̀nà Àkúrẹ́,
Oǹdó, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.
Ọjọ́ Kẹtàdínlógún, Oṣù Kejì, Ọdún 2025.

Alága,
Ìgbìmọ̀ Tó Ń Rí sí Ọ̀rọ̀ Akẹ́kọ̀ọ́,
Kọ́lẹ́ẹ̀jì Olùkọ́ni Ìrètí-Ayọ̀,
Oǹdó, Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

Ẹ̀BẸ̀ PÉ KÍ BÀBÁ RUFUS PADÀ SÍ ẸNU GÉÈTÌ, KÍ Ẹ SÌ TÚN GBÉ ÒFIN FÍDÍÒ YẸ̀WÒ

Èmi ni Màríámù Àdùkẹ́ Oríọlá, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ní Ẹ̀ka Èdè Yorùbá. Àkúrẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Bàbá mi, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ń ta aṣọ níbẹ̀. Mo kọ lẹ́tà yìí lórí ìpinnu méjì tí Ìgbìmọ̀ yín ṣe ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù tó kọjá. Ìpinnu kìíní ni pé kí wọ́n gbé Ọ̀gbẹ́ni Rufus Kìtán, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Rufus, kúrò ní ẹnu géètì lọ sí ilé jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìn ọgbà. Èkejì ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá rí tó ń ya fídíò nínú ọgbà yóò pàdánù fóònù rẹ̀ títí sáà yóò fi parí. Mo mọ̀ pé orúkọ rere ilé-ẹ̀kọ́ wa lẹ ń dáàbò bò. Orúkọ náà jẹ́ tiwa pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n fídíò Bàbá tí ẹ rí, tí ẹ torí rẹ̀ ṣe ìpinnu yìí, kì í ṣe odindi, èyí ló mú mi gbé bírò.

Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tí Bàbá Rufus ti ń ṣọ́ géètì yìí. Ẹni tó bá ti gba ibẹ̀ kọjá láàárọ̀ mọ àṣà rẹ̀. Yóò kọ́kọ́ wo káàdì ìdánimọ̀ rẹ, yóò dá a padà fún ọ, lẹ́yìn náà ni yóò wá pa àlọ́ fún ọ. Òun fúnra rẹ̀ ló ń hun àwọn àlọ́ náà, kì í ṣe èyí tí a gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà. Ohùn Oǹdó ló fi ń pa wọ́n, débi pé àwa tí a wá láti Àkúrẹ́ kì í gbọ́ ìdajì ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí o bá mọ̀ ọ́n, yóò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, yóò sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún ọ, yóò sì bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ bákan náà. N kò rí ẹni tí àlọ́ tì mọ́ ìta rí.

Ní oṣù kẹwàá ọdún tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwọn àlọ́ wọ̀nyí, tí mo ń gbé wọn sí ìkànnì kan tí mo ṣí sórí Fesibúùkù, tí mo pè ní Àlọ́ Ẹnu Géètì. N kò tọrọ àyè lọ́wọ́ Bàbá nígbà àkọ́kọ́, àṣìṣe mi nìyẹn, mo sì ti bẹ̀ wọ́n. Nígbà tí mo fi fídíò ọ̀hún hàn wọ́n, ohun tí wọ́n sọ ni pé, “Màríámù, ṣé bí fìlà mi ṣe wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan nìyí tí gbogbo ayé ń wò mí? Lọ́la, kí o tó yà mí, kọ́kọ́ sọ fún mi.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ́kọ́ sọ fún wọn.

Kí oṣù méjì tó pé, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ènìyàn ti ń tẹ̀lé ìkànnì náà. Àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde níbí láti ọdún pípẹ́ ń dáhùn àlọ́ láti ibi iṣẹ́ wọn ní Àkúrẹ́, wọ́n sì ń bú ara wọn nínú eré pé ta ni olódo. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ. N kò ní purọ́ fún Ìgbìmọ̀: mo jókòó sí kíláàsì, mo ń ka iye ènìyàn tó fi àmì ọkàn sábẹ́ fídíò mi, olùkọ́ ń kọ́ wa ní gírámà. Nínú ìdánwò tó tẹ̀lé e, máàkì mẹ́sàn-án ni mo gbà nínú ọgbọ̀n. Èsì yẹn nìkan ni ìyá mi rí, kò rí àmì ọkàn kankan nínú rẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá sọ pé fóònù máa ń jí ọkàn akẹ́kọ̀ọ́ gbé, èmi ni kí ẹ fi ṣe ẹlẹ́rìí.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní, Bàbá dá Jíbọ́lá dúró, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ wà ní yàrá. Àlọ́ tí wọ́n pa fún un ni pé: “Mo ní ọmọ-ọ̀dọ̀ kan, iná ni oúnjẹ rẹ̀. Bó bá yó, a máa rojọ́ fáráyé. Bí ebi bá pa á, a di odi. Kí ni?” Jíbọ́lá ń họrí. Bàbá bá na ọwọ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ó yá, mú un wá. Ẹni tí kò bá mú un wá, kò wọlé o!” Ìtumọ̀ àlọ́ ni wọ́n ní kó mú wá. Jíbọ́lá pariwo pé, “Fóònù ni!” Ó na ọwọ́ tirẹ̀, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́, ó sì wọlé. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, mo sì gbé e sí ìkànnì kí n tó lọ sí kíláàsì.

Kí oòrùn tó wọ̀, ẹlòmíràn ti gé e. Wọ́n gé àlọ́ kúrò níwájú, wọ́n gé ìdáhùn kúrò lẹ́yìn. Ohun tó kù ni bàbá àgbàlagbà kan tó na ọwọ́ sí ọmọbìnrin, tó ń sọ pé ẹni tí kò bá mú un wá kò wọlé, àti ọwọ́ ọmọbìnrin náà tó bọ́ sínú tirẹ̀. Lókè rẹ̀ ni ẹnì kan tí a kò mọ̀ kọ ọ́ sí pé: Ẹ wo olùṣọ́ tó ń gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ ilé-ìwé. Fídíò náà yára ju ọkọ̀ lọ. Bàbá mi pè mí láti Àkúrẹ́ kí n tó jẹun alẹ́: “Màríámù, ṣé èyí ni bàbá àlọ́ rẹ?” Ọmọ Bàbá Rufus obìnrin, tó ń ránṣọ ní Àkúrẹ́ bákan náà, rí i lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀. Ó pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù, ẹkún ni ó ń sun.

Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ náà ni ìwé Ìgbìmọ̀ jáde. Kò sí ẹni tó pe Bàbá tàbí Jíbọ́lá tàbí èmi láti bi wá léèrè.

Ẹni tó gé fídíò náà ni Silas Adépọ̀jù, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní ní Ẹ̀ka Ìṣirò. Òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n kọ orúkọ òun síbí. Eré ló fi ṣe. Inú grúùpù Wọ́sáàpù kíláàsì wọn nìkan ló fi í sí, pẹ̀lú àwòrán ẹ̀rín mẹ́ta. Òun kọ́ ló kọ ọ̀rọ̀ àbẹ̀tẹ́lẹ̀ sókè rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ pé wọ́n ti gbé Bàbá lọ sẹ́yìn ọgbà, kò lè jẹun. Ó wá bá mi, a sì jọ lọ sí ilé jẹnẹrétọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ tí epo dísẹ́ẹ̀lì ti ta sí. Bàbá ní, “Èmi náà ní àlọ́ kan fún ọ. Wọ́n gé e lórí, wọ́n gé e nírù, síbẹ̀ ó rìn dé Àkúrẹ́. Kí ni?” Silas mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé fídíò tí òun gé ni. Bàbá bá bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó dìde, wọ́n bu bọ̀ọ̀lì fún un. Mo bi wọ́n bí ibẹ̀ ṣe rí. Wọ́n ní, “Ibẹ̀ dára, àmọ́ mo ń kí jẹnẹrétọ̀ láàárọ̀, kì í dá mi lóhùn.”

Lálẹ́ ọjọ́ náà, Silas gbé odindi fídíò sí gbogbo grúùpù tí èyí tó gé ti dé, ó sì fi ohùn ara rẹ̀ sọ ohun tó ṣe. Àwọn tó bú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, wọ́n ju ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọmọ Bàbá náà ti rí i, ó sì ti pe bàbá rẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín ni. Odindi fídíò náà wà nínú fíláàṣì tí mo so mọ́ lẹ́tà yìí, kí ẹ lè wò ó fúnra yín.

Ní ti òfin fídíò, ẹ jọ̀wọ́ ẹ gbọ́ ọ̀kan péré. Nígbà tí Àbdùlláhì, ẹlẹgbẹ́ wa, ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ méjì nílé wọn ní Ìlú-Àbò, a gba àyè lọ́wọ́ olùkọ́, a ya gbogbo ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí i, ó sì yege ju èmi tí mo wà ní kíláàsì lọ. Ní báyìí, òfin kan náà yóò gba fóònù lọ́wọ́ ẹni tó ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ àti ẹni tó ba orúkọ ẹni jẹ́. Ohun tí a rò pé ó tọ́ ni kí òfin sọ pé: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ẹlòmíràn láìgba àyè, ẹni tó bá sì gé ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀ láti fi ba orúkọ rẹ̀ jẹ́ yóò jìyà rẹ̀. Silas ti ṣe tán láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí òfin náà yóò bá wí.

Nítorí náà, mo bẹ Ìgbìmọ̀ pé kí ẹ pe Bàbá Rufus kí ẹ gbọ́ tẹnu wọn, kí ẹ dá wọn padà sí ẹnu géètì kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó wọlé ní ọjọ́ kẹta oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ sì fi ìwé pélébé kan lẹ̀ mọ́ pátákó ìkéde pé wọn kò gba ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Bàbá kò rán mi níṣẹ́ sí yín. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé mo fẹ́ kọ̀wé, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n bẹ̀ mí fún: Ìyá Sherifat, tí ẹ fi rọ́pò wọn, ti ń wáṣẹ́ fún ọdún méjì kó tó rí èyí, bí ẹ bá máa dá òun padà, kí ẹ má ṣe dá obìnrin náà dúró lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n ní géètì wa ní ẹnu méjì, àbáwọlé àti àbájáde, ó sì ti pẹ́ tí òun nìkan ti ń sáré láàárín méjèèjì.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù kà á dé ìparí.

Èmi ni tiyín, ọmọ ọgbà yín,

Màríámù Àdùkẹ́ Oríọlá,
Olùdásílẹ̀ Ìkànnì Àlọ́ Ẹnu Géètì.

Mo fọwọ́ sí i pé òótọ́ ni gbogbo ohun tó kọ nípa mi:
Silas Adépọ̀jù, Ẹ̀ka Ìṣirò.