Òwìwí Ẹ̀yìnkùlé Wa

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ̀rù kan ń bà mí, mi ò sì rẹ́ni sọ ọ́ fún tí kò ní fi mí rẹ́rìn-ín.

Òwìwí kan ń gbé orí igi ńlá ẹ̀yìnkùlé wa ní District Heights lókè òkun níbí. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ló ń ké. Ẹ mọ ohun tí a máa ń pe irú ẹyẹ bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ wá gbàdúrà, èmi gbààwẹ̀, ọkọ mi pe àwọn agégi, wọ́n gé igi náà lulẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀.

Kò pẹ́ tí eku fi gba ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n hú ilá tí mo gbìn nítorí pé ilá wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù àwọn ará wa, wọ́n jẹ ata ní tútù, wọ́n wá gba abẹ́ ilé wọ kíṣìnnì. Èmi tí mo máa ń ṣírò gbogbo nǹkan, mi ò ṣírò iye eku tí ẹyẹ yẹn ń bá wa jẹ. Oògùn eku dínwó ju pakuté lọ, oògùn ni mo rà.

Ó ṣiṣẹ́ o, àmọ́ kì í pa wọ́n lójú ẹsẹ̀. Lọ́sàn-án gangan, ẹ óò rí wọn lórí koríko níbi tí àwọn ìbejì ti ń ṣeré, wọ́n ń rìn bí ọ̀mùtí.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo tún gbọ́ igbe òwìwí lórí igi aládùúgbò. Ó ti padà, ó ti lọ́mọ. Ara páálí oògùn ni mo ti kà á pé ohunkóhun tó bá jẹ irú eku bẹ́ẹ̀ ti jẹ májèlé.

Ọkọ mi ní, “Ìyá Ìbejì, ìwọ tó gbààwẹ̀ kó lè lọ, o tún ń gbààwẹ̀ kó má kú?” Mi ò lè rẹ́rìn-ín.

Bàbá, ẹ kì í jẹ́ ká pa ejò abẹ́ aká àgbàdo. Ẹ máa ń wúkọ́ kẹ́ ẹ tó na ọwọ́ síbẹ̀, bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn onílé. Mo rò pé ẹ̀rù ló ń bà yín. Àbí ẹ mọ iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀ ni? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa?

Mo ti kó oògùn tó kù dànù. Èyí tó ti wọ inú eku ńkọ́? Bí ìyá ẹyẹ bá kú, ta ni yóò bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀?

Oòrùn ti ń wọ̀. Mo fẹ́ wọ ìbọ̀wọ́ tí mo fi ń tọ́jú aláìsàn, kí n lọ ṣa òkú eku sínú ọ̀rá kí ẹyẹ náà tó fò wálẹ̀. Àwọn tó kú sínú igbó, mi ò lè rí wọn. Ẹ bá mi fi ìyá ẹyẹ náà àti àwọn ọmọ rẹ̀ sínú àdúrà yín.

Èmi ọmọ yín tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí yín lójoojúmọ́.