Ó Mọ Èèyàn Kí

Èmi ni mo jẹ́ kí ọmọkùnrin kan rí iṣẹ́, èmi náà ló kù tí mo lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí, ọ̀rọ̀ náà sì ti fẹ́ dà mí lórí rú... Ẹ̀yin ará ojú ìwé yìí, ẹ bá mi dá sí i. Admin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bo orúkọ mi o, ìlú wa ò tóbi, tí èèyàn bá sín ní Òkè-Àgbò, wọ́n á ti máa kí i pẹ̀lẹ́ ní Japara.

Ilé iṣẹ́ tó ń fi tírélà kó pákó láti Ìjẹ̀bú-Igbó lọ sí Èkó ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń gba àwọn dírẹ́bà. Kí n tó dé, "ẹ bá wa mú ọmọ yìí" ni wọ́n fi ń gbà wọ́n... àbúrò ìyàwó ọ̀gá, ọmọ ọ̀rẹ́ ọ̀gá, ẹni tó mọ ọkọ̀ wà àti ẹni tó kàn mọ họ́ọ̀nù fun, gbogbo wọn ló ń gun orí tírélà. Ọkọ̀ ń ṣubú, pákó ń fọ́n sójú títì, ọ̀gá ń pariwo. Ìgbà tí wọ́n gbà mí, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè tí gírámà ṣì ń gùn mí, mo ní ó tó gẹ́ẹ́, a ó máa dán wọn wò lójú títì, a ó máa yẹ ojú wọn wò, a ó sì máa pe ọ̀gá tí wọ́n bá ti ṣiṣẹ́ fún tẹ́lẹ̀.

Ìpè yẹn ló là mí lójú. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá, a kì í fẹ́ dí ọ̀nà oúnjẹ ẹnìkejì. Tí ẹ bá bi ọ̀gá àtijọ́ pé báwo ni lágbájá, kò ní sọ fún yín pé ọ̀mùtí ni, kò ní sọ pé ó ti wa ọkọ̀ òun wọ inú odò. Á kàn sinmi díẹ̀, á ní ọmọ yẹn mọ èèyàn kí o. Ó parí! Tí ẹ bá ti gbọ́ pé ó mọ èèyàn kí, tí wọn ò sọ nǹkan kan nípa ọkọ̀, ẹ sá. Mo wá mọ ọ̀rọ̀ náà bí ẹní mowó. Gbogbo àwọn tí wọ́n bá ti "mọ èèyàn kí" ni mò ń dá padà, ọkọ̀ wa ò ṣubú mọ́, ọ̀gá ń pè mí ní "madam mi" níwájú àlejò, orí mi sì wú... ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ ìyẹn náà.

Ẹ jẹ́ ká pe ọmọkùnrin yìí ní Táyọ̀, kì í ṣe orúkọ ẹ̀. Ìjọ Aládùúrà kan náà là ń lọ. Màmá ẹ̀ wà lára àwọn ìyá àdúrà, àwọn ni wọ́n ń fi òróró pa mí níkùn nígbà tí mi ò rọ́mọ bí, mo sì ti bí báyìí. Èmi ni mo gba Táyọ̀ síṣẹ́, mi ò ṣojúsàájú, ó mọ ọkọ̀ wà ju gbogbo wọn lọ. Lọ́jọ́ kan, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ páàkì tán, ó sọ̀kalẹ̀, ó fẹ́ mu omi, ó kàn ṣubú gbì, ara ẹ̀ le, ojú ẹ̀ yí, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu ẹ̀. Àwọn tó ń já pákó sá sẹ́yìn, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan itọ́ yẹn. Èmi ni mo yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí mo fi síkáàfù mi sábẹ́ orí ẹ̀ títí ó fi jí. Wárápá ni. Mo ti kọ ọ́... ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mo máa pe orúkọ àìsàn náà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni màmá ẹ̀ wá bá mi, wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi, ìyá tó tó bí mi, mo yára dì wọ́n mú. Wọ́n ní láti kékeré ló ti ń ṣe é, pé oògùn òyìnbó ló ń dá a dúró, àti pé àbúrò ẹ̀ obìnrin ń múra ìgbéyàwó, tí àwọn àna bá gbọ́, wọ́n á ní ó wà nínú ìdílé. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe? Mo sọ fún àwọn tó ń já pákó pé ebi ló pa á. Mo sọ fún ọ̀gá pé ó fẹ́ sinmi díẹ̀. Mo wá bá Táyọ̀ sọ ọ́ pé kó fi ọkọ̀ sílẹ̀, kó wá máa bójú tó ibi tí à ń kó pákó sí. Ó dúpẹ́, ó ní òun á rò ó, kò sì padà wá mọ́.

Ìgbà tó yá, obìnrin kan pè mí láti ilé iṣẹ́ akẹ́rù kan ní Ògùn Waterside, ó ní Táyọ̀ wá iṣẹ́ dírẹ́bà wá sọ́dọ̀ àwọn, ó sì fi nọ́ńbà mi sílẹ̀, báwo ni mo ṣe mọ̀ ọ́n sí? Mo rántí ìyá yẹn, mo rántí ìgbéyàwó, mo rántí ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn mi... Mo ní, "Ó mọ èèyàn kí gan-an ni." Mo sinmi. Mo dúró pé kó bi mí sí i. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dé inú ẹ̀ á di odidi, ìyẹn ni mo gbójú lé. Obìnrin náà ní, "Ah, thank you ma, irú ẹni tá à ń wá nìyẹn." Ó gé fóònù, ó sì gbà á síṣẹ́! Èmi wá ń sọ fún ara mi pé mi ò kúkú parọ́. Ṣé ẹ rí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́? Èmi tí mo máa ń bú àwọn ọ̀gá àtijọ́ pé wọn kì í sọ òótọ́, ohun tí wọ́n ń ṣe gẹ́lẹ́ ni mo ṣe, ojú mi sì là sílẹ̀ nígbà tí mò ń ṣe é.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, màmá Táyọ̀ jáde jẹ́rìí ní ìjọ. Wọ́n ní àwọn ọ̀gá ibi iṣẹ́ tuntun yẹn fẹ́ràn ọmọ àwọn débi pé wọ́n ní kó kúrò lórí tírélà, kó wá máa wa bọ́ọ̀sì tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Màmá wá nawọ́ sí mi, wọ́n ní arábìnrin yìí ni Ọlọ́run lò. Ìjọ pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kí n dìde. Mo dìde o, mo tún rẹ́rìn-ín, ojú sì ń tì mí débi pé mi ò lè wo pẹpẹ. Mo mọ̀ pé tírélà gan-an léwu, èèyàn ń rìn lójú títì, àmọ́ mo ti ń tan ara mi jẹ pé pákó ṣáà ló gbé. Kí ni mo fẹ́ sọ báyìí? Ọlọ́mọ ló máa gbé, abiyamọ, ẹni tó ń wá oúnjẹ òòjọ́ ẹ̀ lọ.

Àná ni Táyọ̀ wálé, mo ní kó wá pàdé mi ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo bi í léèrè oògùn. Ó ní ó ti tán, òun ò tíì rí ibi tí wọ́n ti ń tà á lọ́hùn-ún, ṣùgbọ́n ara òun le, kò tíì tún ṣe òun... àfi ẹ̀ẹ̀kan, orí bẹ́ẹ̀dì ni, òun ò ka ìyẹn sí. Òun ò ka ìyẹn sí! Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó lọ sọ fún wọn fúnra ẹ̀, kí wọ́n fún un níṣẹ́ míì, mo ní màá bá a lọ. Ó ní, "Àǹtí, tí ẹ bá sọ fún wọn, mi ò ní bínú sí yín. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ bá màmá mi, kí ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀yin lẹ fẹ́ sọ ọ́." Ó dìde, ó bá ọ̀nà ẹ̀ lọ.

Ọ̀la tó jẹ́ ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀sì náà. Ẹ má sọ pé kí n gbàdúrà, mo ti gbà á. Ẹ má sì sọ pé kò kàn mí, ta ló wá kàn? Ṣé kí n pe obìnrin tó gbà á síṣẹ́ yẹn ná kí n tó bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀? Ṣé kí n pe àìsàn náà lórúkọ, àbí kí n kàn ní kí wọ́n má fi èèyàn sí i lọ́wọ́? Tí wọ́n bá wá bi mí ìdí ẹ̀ ńkọ́? Tí ìgbéyàwó yẹn bá tìtorí mi bàjẹ́, ṣé màá tún lè gba àdúrà lọ́wọ́ ìyá yẹn láyé? Tí mo bá sì dákẹ́, tí bọ́ọ̀sì yẹn wá... mi ò fẹ́ parí ẹ̀. Iwájú ilé wọn ní Japara ni mo wà tí mò ń tẹ èyí, ọ̀kadà tó gbé mi wá ti lọ. Màmá ti rí mi, wọ́n ti ń pe àbúrò Táyọ̀, ìyàwó tó ń bọ̀ lọ́nà, pé kó gbé àga àti omi tútù jáde fún mi. Ó ti gbé e dé, ó ti kúnlẹ̀ tí ife omi wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹ tètè dá mi lóhùn, kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?