Gáàsì Tí Mo Tú Sójú Ọ̀run

Ọjọ́bọ̀, 8 Fẹ́búárì 2024

Mo ti Àkúrẹ́ padà dé Ìkàrẹ́. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kọ́ àwa tí à ń tún fíríìjì ṣe lẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n fún wa ní fìlà, bírò àti ìwé yìí. N kò kọ nǹkan kan fún ara mi rí, èmi Akínlọ́lá, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ kò ṣeé rò fún èèyàn.

Olùkọ́ wa — Onígíláàsì ni mò ń pè é nínú ọkàn mi — ní ìbora fẹ́lẹ́ kan wà lókè lọ́hùn-ún, ó ga ju ibi tí ọkọ̀ òfuurufú ń gbà. Òsóònù lorúkọ rẹ̀. Ojú kì í rí i. Òun ló ń ku oòrùn fún wa bí kọ̀ǹkọ̀sọ̀ ṣe ń ku èlùbọ́: ìmọ́lẹ̀ kọjá, ooru kọjá, èyí tó ń jó ẹran ara tó sì ń ba ojú jẹ́, ó dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dúró. Ó ní tí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ewé iṣu kan kò ní hù lórí ilẹ̀. Inú ibú omi nìkan ni ohun ẹlẹ́mìí ìbá sá pamọ́ sí.

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó ń jẹ fẹ́lẹ́ náà. Gáàsì àtijọ́ inú fíríìjì. Bí a bá tú u síta, kì í kú. Á máa gòkè lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, á débẹ̀, á sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Kò sẹ́ni tí kò tú u rí nínú wa.

Ẹtì, 9 Fẹ́búárì

Ṣììì. Bó ṣe máa ń dún nìyẹn tí mo bá gé páìpù. Ọdún méjìdínlógójì. Mo máa ń gbádùn ohùn yẹn tẹ́lẹ̀ — iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Lónìí, fọkanáísà iwájú ṣọ́ọ̀bù mi tú afẹ́fẹ́ táyà kan. Mo fò dìde lórí àga.

Àìkú, 11 Fẹ́búárì

Mo lọ kí Mọ́júbọ́lá ní Ọ̀kà lẹ́yìn ìsìn. Àbúrò mi. Ìyá kan náà, bàbá kan náà, èmi dúdú bí ìdí ìkòkò, òun jẹ́ àfín. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, láfún ṣíṣe ló fi ń jẹun. Orí àpáta ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ló ń sá a sí, òun náà á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ láti gbé iyán fún mi, gèlè rẹ̀ yẹ̀. Egbò kan wà lẹ́yìn etí òsì rẹ̀, ó fẹ̀ tó ìdérí ìgò. Ó ń ṣomi. Ó sáré fa gèlè bò ó. Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní, “Kò dùn mí, Bọ̀ọ̀dá mi. Ó kàn ń yún mi ni.”

Mo ti àwo iyán sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ajé, 12 Fẹ́búárì

Èmi ni. Gáàsì mi ni.

Ọjọ́rú, 14 Fẹ́búárì

Mo mú un lọ sí ọsibítù ní Ọ̀wọ̀. Náómì, ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ tíṣà ní Ìwàrò, gba àyè níbi iṣẹ́, ó tẹ̀ lé wa. Dókítà obìnrin kan gé bíńtín lára egbò náà fún àyẹ̀wò. Ó ní ó máa tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí èsì tó jáde. Ó ní kí Mọ́jú kúrò nínú oòrùn, kó máa dé fìlà etí gbòòrò, kó máa wọ aṣọ alápá gígùn.

Mọ́jú rẹ́rìn-ín. “Dókítà, láfún kì í gbẹ nínú yàrá o.”

Dókítà kò rẹ́rìn-ín.

Àbámẹ́ta, 17 Fẹ́búárì

Wàhálà ní ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n gbé fírísà àtijọ́ kan wá láti Àrìgìdì, gáàsì àtijọ́ ló kún inú rẹ̀. Múrítàlá mú pẹ́ńsì láti gé páìpù rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ni tẹ́lẹ̀, ó ti di ọ̀gá ara rẹ̀ báyìí, ògiri kan ló là wá láàárín, a sì jọ máa ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní kò gbọdọ̀ tú u síta, inú sílíńdà ló yẹ ká fà á sí. Ó ní ẹ̀rọ tí a ó fi fà á dà? N kò ní i. Òun náà kò ní i.

Ó ní, “Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bẹ́ẹ̀.”

Òótọ́ ni.

Ẹni tó ni fírísà bínú, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn lápá Jubilee. Wọ́n á ti tú u kí n tó délé. N kò gba nǹkan kan là.

Ìṣẹ́gun, 20 Fẹ́búárì

Ṣììì, nínú àdúrà òwúrọ̀. Mi ò parí àdúrà náà.

Àbámẹ́ta, 24 Fẹ́búárì

Mo sọ fún Mọ́jú.

A jókòó lábẹ́ tapólì tí mo fi igi mẹ́rin nà fún un lórí àpáta. Mo ro gbogbo rẹ̀: fẹ́lẹ́ tó wà lókè, gáàsì, gbogbo ọdún tí mo ti ń tú u. Mo ní èmi ni mo jẹ́ kí oòrùn rí i jó. Omi bọ́ lójú mi, àgbàlagbà bíi tèmi.

Ó ń fọ́ gbágùúdá sí wẹ́wẹ́, kò dáwọ́ dúró. “Ṣé ẹ̀yin nìkan lẹ ń tún fíríìjì ṣe láyé ni, Bọ̀ọ̀dá mi? Oòrùn ti ń jó mi kẹ́ ẹ tó kọ́ṣẹ́.”

Nígbà tó yá, ó béèrè pé, “Fẹ́lẹ́ yẹn, ṣé ó bo èmi náà?”

Mo ní ó bo gbogbo wa. Bí kò bá sí níbẹ̀ ni, kò ní lè fi ọjọ́ kan ṣoṣo jókòó síta.

Ó gbójú sókè, ó di ojú pọ̀, torí ojú rẹ̀ kì í gba ìmọ́lẹ̀. Ó ní, “Gbogbo bí wọ́n ṣe ń sọ pé Ọlọ́run gbàgbé láti fi aṣọ bò mí. Ó mà ti bò mí kí wọ́n tó bí mi.”

Mo lọ sílé. Ara kò tù mí síbẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 7 Máàṣì

Èsì dé. Jẹjẹrẹ awọ ara ni. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀ ni iṣẹ́ abẹ.

Mo dá dókítà dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo bi í nípa gáàsì. Ó fara balẹ̀ dá mi lóhùn. Ó ní ìsàlẹ̀ ayé lọ́hùn-ún, níbi tí yìnyín wà, ni fẹ́lẹ́ náà ti fà ya gan-an. Lókè tiwa níhìn-ín, ohun tó dín kù kò tó nǹkan. Ìwọ̀nba oòrùn tó ń jóni tí fẹ́lẹ́ ń jẹ́ kó kọjá, àwọ̀ dúdú ló ń bá wa dá a dúró. Àfín kò ní i. Oòrùn àtọdúnmọ́dún ti tó láti ṣe èyí. “Gáàsì yín kọ́, Bàbá.” Ó tún ní fẹ́lẹ́ náà ti ń san, láti ìgbà tí gbogbo ayé ti fi ohùn ṣọ̀kan láti pa gáàsì wọ̀nyẹn tì. Ṣùgbọ́n ó ku bí ogún sí ogójì ọdún kó tó padà sípò.

Ó yẹ kí inú mi dùn. Inú mi kò dùn. Bí kì í bá ṣe gáàsì, kí ni?

Nígbà tí a wọlé padà, dókítà béèrè ìgbà tí egbò náà bẹ̀rẹ̀. Mọ́jú ní ó ti tó ọdún mẹ́rin. Ṣé ẹnikẹ́ni ò rí i ni? Mọ́jú wolẹ̀. Ó ní rárá, kò sẹ́ni tó rí i.

Ìṣẹ́gun, 12 Máàṣì

Wọ́n ti ṣe é. Wọ́n gé lára etí rẹ̀ pẹ̀lú. Múrí ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wa lọ, tòun ti ààwẹ̀ lẹ́nu. A kò mẹ́nu kan fírísà.

Àbámẹ́ta, 16 Máàṣì

Náómì wá sí ṣọ́ọ̀bù. Kò jókòó. Ó ní, “Bàbá Ìkàrẹ́, Màmá ní n ò gbọdọ̀ sọ, ṣùgbọ́n n kò lè mú un mọ́ra mọ́.”

Ọdún 2020. Mọ́jú wọkọ̀ láti Ọ̀kà wá bá mi níhìn-ín. Nǹkan náà kò ju hóró àgbàdo lọ nígbà náà. Ó ní kí n bá òun wò ó. Mo wà lẹ́yìn fíríìjì kan, mo ń jó páìpù. Mo ní, “Ooru ni. Fi òrí pa á.” N kò gbórí sókè. Ó dúró díẹ̀, ó sì padà sílé. Náómì ní òun bẹ̀ ẹ́ títí pé kó lọ sí ọsibítù. Èsì kan náà ló máa ń fún òun: Bọ̀ọ̀dá mi ní ooru ni.

Mo rántí. Ọlọ́run mi, mo rántí. Fíríìjì ilẹ̀kùn méjì ni, àwọ̀ ewé. Mo rántí ibi tó ti jò. N kò rántí ojú àbúrò mi, torí n kò wò ó.

Ó lé ní oṣù kan tí mo ti ń wá ẹ̀bi mi kiri lójú ọ̀run.

Àìkú, 17 Máàṣì

Mi ò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ajé, 25 Máàṣì

Mo dé Ọ̀kà láàárọ̀. Náómì ti lọ sí ilé ìwé. Ó tó àkókò láti pààrọ̀ báńdéèjì. Mọ́jú ní kí n fi í sílẹ̀ de ọmọ òun. Mo ti lọ fọwọ́.

Mo ní, “Mo rántí ọjọ́ tó o wá sí ṣọ́ọ̀bù.”

Kò béèrè ọjọ́ wo. Ó ní, “Èrò pọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ náà.”

Mo ní kò sí èrò kankan. Èmi nìkan ni.

Mo rò pé á ní kí n máa lọ. Ó tú gèlè, ó sì yí ọrùn sí mi.

Mo wò ó. Ibi tí wọ́n gé. Ibi tí wọ́n rán. Ojú egbò ti ń pa pọ̀, ó mọ́. Mo fọwọ́ tọ́ ọrùn rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lókè eegun èjìká, kókó kékeré kan, ó le, kò yẹ̀ lábẹ́ ìka mi. Ó bi mí ohun tí mo rí. Mo sọ fún un gan-an bó ṣe rí. Mo mú ìka rẹ̀, mo gbé e lé kókó náà.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ní ká padà wá. A kò dúró de Ọjọ́bọ̀, torí a mọ̀ pé jẹjẹrẹ máa ń ràn. Mo pe Múrí, ó gbé ọkọ̀ wá.

Orí bẹ́ńṣì ọsibítù ni mo ti ń kọ èyí. Wọ́n ti mú un wọlé. Báàgì rẹ̀ wà lórí itan mi.